Kíkọ́ Adití ní Èdè Pọtogí Àkọsílẹ̀

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wa ń wí. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ pàtàkì kì í ṣe ohun tí à ń ti ẹ̀yìn sọ, ojúkojú ni à ń sọ ọ́. Láàrin àwọn adití tí mo ń kọ́ ní èdè Pọtogí ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, òwe yìí ti kúrò ní òwe, ó ti di gírámà. Bí ẹnì kan bá béèrè pé ta ni tàbí níbo, iwájú orí rẹ̀ yóò hunjọ. Bí ó bá ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, orí rẹ̀ ni yóò mì. Ẹni tó bá wo ọwọ́ nìkan tí kò wo ojú kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

Iṣẹ́ mi ni láti mú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ dé orí ìwé, nínú èdè tí wọn kò gbọ́ rí. Mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ náà, nítorí pé ó kan gbogbo ẹni tó ti fi yíǹkì pupa sàmì sí ìwé ọmọ tó ń kọ èdè kejì, àti gbogbo ọmọ tí wọ́n ti sàmì sí ìwé rẹ̀.

Libras ni orúkọ tí wọ́n ń pe èdè àfọwọ́sọ àwọn adití Bùràsíìlì. Kì í ṣe Pọtogí tí a fi ọwọ́ yà sójú òfuurufú. Ó ní gírámà tirẹ̀, ìbátan rẹ̀ sì súnmọ́ èdè àfọwọ́sọ ilẹ̀ Faransé ju Pọtogí lọ. Adití ará Faransé kan tó ń jẹ́ Huet ni ó wá bá Ọba Pedro Kejì, tí wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Rio de Janeiro ní ọdún 1857. Ní 1875, Flausino José da Costa Gama, adití tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ya àwòrán àwọn àmì náà sínú ìwé kan. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí ni àwọn olùkọ́ adití láti oríṣiríṣi ilẹ̀ pàdé ní Milan, tí wọ́n pinnu pé ẹnu ni kí adití máa fi sọ̀rọ̀, kí a mú ọwọ́ kúrò. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dìbò ń gbọ́ràn. Ìpinnu yẹn dé Bùràsíìlì, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mo mọ àwọn àgbàlagbà adití tí wọ́n lo ọ̀pọ̀ ọdún nílé-ìwé, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan ọ̀fun olùkọ́ láti mọ bí p ṣe yàtọ̀ sí b. Wọ́n mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀. Wọn kò lè kọ lẹ́tà.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2002 ni Òfin 10.436 tó fi òǹtẹ̀ lu Libras. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó sọ pé Libras kò lè gba ipò Pọtogí àkọsílẹ̀. Àwọn adití kan ń ka ẹsẹ̀ yìí bí ẹrù tí a dì lé wọn lórí. Èmi ń kà á bí gbèsè: bí ìjọba bá ti ní dandan ni kí wọ́n mọ̀ ọ́n kọ, ìjọba ni ó jẹ wọ́n ní olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ni.

Ẹ wo gbólóhùn kan tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú kíláàsì mi kọ: Ontem eu ir mercado mãe comprar peixe. Bí a bá tú u ní ẹyọ-ẹyọ: àná, èmi, lọ, ọjà, ìyá, rà, ẹja. Ohun tí ìwé gírámà ń retí ni: Ontem eu fui ao mercado com a minha mãe para comprar peixe. Ẹni tó bá ka ti àkọ́kọ́ ní ọ́fíìsì yóò rò pé ẹni tí kò gbọ́n ni ó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, ó sì ní ètò. Ó fi àná ṣáájú, nítorí pé ní Libras, bí a bá ti fi àsìkò lélẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kò ní láti yí padà mọ́. Kò kọ ao, nítorí pé ọwọ́ tó ń ṣe àmì ‘lọ’ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń nà sí ibi tí à ń lọ. Bákan náà ni ‘fún’: bí mo bá fún ọ ní nǹkan, ọwọ́ mi yóò kúrò láyà mi wá sọ́dọ̀ rẹ, bí ìwọ bá fún mi, yóò ti ọ̀dọ̀ rẹ bọ̀ sọ́dọ̀ mi. Ohun tí Pọtogí ń fi ọ̀rọ̀ kéékèèké ṣe, ìrìn ọwọ́ ti ṣe é tán.

Àwa Yorùbá ni ó yẹ kí èyí tètè yé jù. Mo lọ, o lọ, ó lọ, wọ́n lọ: lọ kò yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ní Pọtogí, vou ni, vai ni, vamos ni, vão ni. Bó bá di ti àná, fui, foi, fomos, foram. Kí ni ó pa fui àti ir pọ̀ lójú ẹni tó ń wò wọ́n? Fui kan náà ni wọ́n sì tún ń lò fún ‘mo jẹ́’ ti àtijọ́: fui professor, mo ti jẹ́ olùkọ́ rí. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ti gbọ́ fui ní àìmọye ìgbà kí ó tó wọ ilé-ìwé. Adití pàdé rẹ̀ lórí ìwé bí ẹni pàdé àjèjì lọ́jà, ojú nìkan ni ó sì máa fi mọ̀ pé ọmọ ìyá ir ni. Ti akọ àti abo tún wà. Tábìlì, mesa, abo ni. Ìṣòro, problema, akọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ni ó fi parí. Kò sí ẹni tó jókòó ti ọmọ tó ń gbọ́ràn kọ́ ọ ní èyí, etí rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. (Ní ti àmì kékeré orí à tí wọ́n ń pè ní crase, kí adití má bọkàn jẹ́: àwọn ará Bùràsíìlì tí etí wọn mú ṣáṣá náà ń ṣì í kọ títí wọ́n fi ń darúgbó.)

Ọ̀rọ̀ kì í sì í bára dọ́gba láàrin èdè méjèèjì. Ní Libras, àmì kan náà ni wọ́n ń lò fún Sátidé àti fún ọsàn, ọwọ́ tí à ń fún pọ̀ níwájú ẹnu. Pọtogí ní ọ̀rọ̀ méjì. Ní Pọtogí, manga ni máńgòrò, manga náà ni apá aṣọ. Nígbà tí mo kọ ọ́ sójú pátákó pé A manga está suja, apá aṣọ náà dọ̀tí, ọmọkùnrin kan fi ọwọ́ sọ pé kí ẹni tó ni ín fọ̀ ọ́ kí ó tó jẹ ẹ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti ka Yorùbá tí a kò fi àmì ohùn sí mọ ibi tí ọmọkùnrin náà dúró sí: ọkọ ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́?

Mo ti bá olùkọ́ méjì ṣiṣẹ́ tí ọ̀nà wọn kò pa pọ̀. Ọ̀kan kì í fi ohunkóhun sílẹ̀. Ìwé tó bá ti ọwọ́ wọn kúrò á pupa bí ẹni ta epo sí i, àwọn ọmọ á sì ká a, wọn kò ní wò ó mọ́. Èkejì a máa sọ pé, ‘Ó yé mi, ó ti tó,’ wọ́n á fún gbogbo ènìyàn ní máàkì. Àṣẹ ìjọba 5.626, ti ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2005, ti sọ bí ó ṣe yẹ kí ó rí: kí a ṣe àyẹ̀wò ìwé adití bí ìwé ẹni tó ń kọ èdè kejì, kí a wo ìtumọ̀ ṣáájú, kí a sì mọ̀ pé gírámà rẹ̀ lè yàtọ̀. Kò sọ pé kí a má kọ́ ọ mọ́. Ní tèmi, àánú olùkọ́ kejì ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú kíláàsì alẹ́ wa ń to ọjà ní ilé-ìtajà ńlá kan. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ìwé pélébé lé e lọ́wọ́: Favor comparecer ao RH amanhã sem falta. RH ni ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ó yọjú síbẹ̀ lọ́la, kí ó má yẹ̀. Comparecer kò yé e, ó fò ó. Amanhã yé e. Ó mọ sem, láìsí. Ó mọ falta pẹ̀lú, ó ń rí i nínú ìwé orúkọ kíláàsì lójoojúmọ́: kí ènìyàn pa ilé-ìwé tàbí iṣẹ́ jẹ. Ó so wọ́n pọ̀, ó gbà pé wọ́n ń yin òun pé òun kì í pa iṣẹ́ jẹ, àti pé kí òun tún wá síṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Inú rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sídìí ọjà rẹ̀, kò dé RH. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un.

Ó mú ìwé méjèèjì wá sí kíláàsì. Ẹ̀kọ́ tí mo ti pèsè sílẹ̀ lọ́jọ́ náà di ti ọjọ́ mìíràn. Mo kọ falta gàdàgbà sójú pátákó, mo ní kí oníkálùkù mú èyí tó ti rí rí wá. Ẹnì kan mú ti bọ́ọ̀lù wá: bí agbábọ́ọ̀lù bá gbá ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ tí rẹfirí fọn fèrè, falta ni. Ẹlòmíràn mú falta de água wá, omi kò yọ, èyí tí gbogbo àdúgbò wa mọ̀. Faltam dez minutos, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó kọ gbólóhùn ẹja lẹ́ẹ̀kan ní òun rí i lórí fóònù ìbátan òun kan: sinto falta da minha avó, àárò ìyá mi àgbà ń sọ mí. Olùkọ́ Libras wa, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ adití, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń fi àmì hàn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde. Àmì ti bọ́ọ̀lù yàtọ̀, ti omi yàtọ̀, ti àárò tilẹ̀ wà láyà. Ibẹ̀ ni ó ti hàn sí wọn pé aṣọ kan ni Pọtogí dà bo ohun púpọ̀. Nígbà tí a dé sem falta, kò sí ẹni tí mo ní láti ṣàlàyé fún. Ọ̀dọ́kùnrin náà ni ó fi àmì tirẹ̀ hàn, ó dìí mú pé dandan ni, kò gbọdọ̀ yẹ̀. A kọ gbogbo wọn sórí bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ẹ kíyè sí ohun tó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yẹn ṣeé ṣe: gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ni ó ní Libras. À ń pe Pọtogí ní èdè kejì, ó dára. Nígbà tí ìkínní kò bá sí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ jùlọ ọmọ adití ni òbí wọn ń gbọ́ràn, tí kò sí ẹni tó ń sọ èdè àfọwọ́sọ nínú ilé. Wọ́n mú ọmọ ọdún mẹ́wàá kan wá bá wa tó ní àmì ilé bíi mélòó kan: jẹun, sùn, má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní àná. Kò ní ‘bí ó bá jẹ́ pé’. Mo fẹ́ kọ́ ọ ní ontem. Kí ni mo fẹ́ fi ontem tọ́ka sí lọ́kàn rẹ̀? Mo fà á lé olùkọ́ Libras lọ́wọ́, ó sì lo ọdún kan gbáko láàrin àwọn ọmọ adití tó dàgbà jù ú lọ kí n tó fi lẹ́tà kankan hàn án. Àwọn kan ní mo fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. N kò gbà fún wọn. Òfin 14.191, ti ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ti sọ ọ́ kedere pé Libras ni kí ó jẹ́ èdè kìíní, Pọtogí àkọsílẹ̀ ni kí ó jẹ́ èkejì, nínú ẹ̀kọ́ elédè méjì fún adití. Ṣùgbọ́n kíkọ òfin yá ju kíkọ́ olùkọ́ lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra JAMB, ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ENEM, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Bùràsíìlì, fi ìṣòro tó dojú kọ ẹ̀kọ́ àwọn adití ṣe àkọlé àròkọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ràn ráhùn pé àkọlé náà le. Ọdún yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi fídíò ṣe ìbéèrè ìdánwò náà ní Libras. Pọtogí ni a sì gbọ́dọ̀ fi kọ àròkọ. Adití jókòó, ó ń fi èdè tí wọn kò kọ́ ọ dáadáa ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi kọ́ ọ dáadáa.

Ní ti ilé wa, àwọn àmì tí Andrew Foster mú wá láti Amẹ́ríkà, nígbà tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn adití wa, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń fi kọ̀wé. Ìtàn yẹn tó àròkọ tirẹ̀. N kò ní há a mọ́ àárín èyí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́ falta, ọ̀dọ́kùnrin ilé-ìtajà kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀: Eu não entendi bilhete. Eu surdo, português segunda língua. Próxima vez escrever simples, eu ir sem falta. Ó fẹ́ kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ. Mo ní kí ó mú ibi méjì péré tí ọ̀gá lè ṣì túmọ̀. Ó mú escrever: ta ni yóò kọ ọ́? Ó sọ ọ́ di por favor, escreva. Ó mú ir, ó wo bébà ara ògiri títí, ó kọ vou. Bilhete tí kò ní o níwájú àti surdo tí kò ní sou, ó ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ ná, bọ́ọ̀sì òun fẹ́ lọ. Èsì dé ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìwé náà gan-an, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá: Quinta-feira, 9 horas, no RH. Traga este papel. Ó lọ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀.