Àlọ ti Ahun

Ìjàpá ni àwọn ènìyàn wa sọ ọkọ̀ Volkswagen kékeré nì, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ roboto bí igbá tí a da ojú rẹ̀ dé. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, kò sì pẹ́ tí ó fi di ọkọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Bàbá mi ra tiwọn ní ọdún 1979, kí wọ́n tó bí mi. Òun náà ni mo ń wà lọ sí ẹnu iṣẹ́.

Nínú ọkọ̀ tí ó ti dàgbà tó báyìí, àrùn iná ni ó le wò jù. Bí táyà bá jò, ojú yóò rí i. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ń kan irin mọ́ra, etí yóò gbọ́ ọ. Mànàmáná kò ṣeé rí. Ìdí nìyí tí àwọn oníríwáyà kan fi sọ iṣẹ́ wọn di àbá dídá: wọn a ní bátìrì ni, bí bátìrì tuntun kò bá ṣe é, wọn a ní sítátà ni, lẹ́yìn náà, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà. Ọlọ́kọ̀ ni yóò sì sanwó gbogbo àbá náà.

Ní ìgbà ọyẹ́ èṣí, bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, "kẹ́" kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́ láti ẹ̀yìn, ẹ̀ńjìnnì kò ní í mira. Oníríwáyà kan ní kí a ra bátìrì. A rà á. "Kẹ́" náà ni. Ó wá ní kí a ra sítátà. Ìyá mi ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọ̀kan nínú àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ọkùnrin náà wo ọkọ̀ yíká, ó dá iye kan, ó ní òun yóò padà wá ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá mi kò dá sí i. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wa ọkọ̀ gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́, ṣé iná iwájú ń rẹ̀ wálẹ̀?"

Mo dán an wò. Kò rẹ̀ wálẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ pé bátìrì ni kò lágbára, iná iwájú ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nígbà tí sítátà bá ń fa agbára, nítorí orísun kan náà ni àwọn méjèèjì ń mu. Bí iná bá dúró gbọin tí sítátà kò sì yí, a jẹ́ pé omi wà nínú kànga. Okùn ni ó já, tàbí kí apọnmi ti sùn lọ.

Ìrìn mànàmáná kì í sì í ṣe àlọ nìkan. Ó ń jáde láti orí bátìrì tí a sàmì ìròpọ̀ sí, ó ń gba inú wáyà lọ síbi iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí orí tí a sàmì àyọkúrò sí. Bí kò bá rí ọ̀nà padà, kò ní í lọ rárá. Nínú ọkọ̀, wáyà ni ọ̀nà àlọ. Ara irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà àbọ̀. Áàtì ni àwọn oníríwáyà ń pè é. Èmi fara mọ́ "àbọ̀", nítorí òwe wa ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un: àlọ ti Ahun, àbọ̀ ti àna rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò mọ ìtàn náà. Ní òwúrọ̀, Ahun tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ni èrò ọ̀nà oko ń bú. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ṣì bá a níbẹ̀, ẹ̀bi di ti àna rẹ̀ tí ó dè é. Àlọ ni gbogbo ènìyàn ń yẹ̀ wò nínú Ìjàpá tiwa. Kò sí ẹni tí ó wo àbọ̀.

Mo yá mítà lọ́wọ́ olùkọ́ físíìsì ilé-ìwé wa. Mo fi ẹnu rẹ̀ kan kan orí àyọkúrò bátìrì, mo fi èkejì kan ara ọkọ̀, àbúrò mi sì yí kọ́kọ́rọ́: mítà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Mo gbé ẹnu kejì lọ sí ara àpótí jíà tí sítátà so mọ́: ó fò sókè, ó lé ní fóòtì 6. Nínú fóòtì 12 tí bátìrì ní, ìdajì ń ṣòfò sójú ọ̀nà àbọ̀, níbi tí kò yẹ kí ó tó ìdajì fóòtì kan.

Orí rọ́bà ni ẹ̀ńjìnnì àti àpótí jíà ọkọ̀ yìí jókòó lé, rọ́bà kì í sì í jẹ́ kí mànàmáná kọjá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi wáyà pẹlẹbẹ kan, tí a hun bí irun, so àpótí jíà mọ́ ara ọkọ̀. Mo mú tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ ọkọ̀. Wáyà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti dógùn-ún, fọ́nrán tí kò tíì já nínú rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ. Okùn irin kílọ́ọ̀ṣì sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kàn án: mànàmáná tí kò rí afárá ti ń gba orí okùn kọjá.

Mo tú orí bátìrì, mo ha ojú irin títí ó fi dán, mo de wáyà tuntun. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó bátìrì. Ẹ̀ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá mi ké sí mi láti inú yàrá pé kí n má tíì pa á.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù kọ́ nìyẹn o. Nígbà tí mo ṣí àpótí fíùsì, mo rí i pé ẹnìkan ti fi bébà dídán inú páálí sìgá wé fíùsì méjì tí ó ti jó. Ńṣe ni a dá fíùsì kí ó lè kú kí wáyà má baà jó. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ó kú, ilé ni ó ń kó iná sí. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn sì ni bátìrì Ìjàpá wà. Bí kò bá ní ìdérí, tí ẹni tí ó wúwo jókòó lé e lórí, irin ìjókòó lè kan orí bátìrì, kí tìmùtìmù sì gbiná. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi méjèèjì máa ń jókòó. Mo pààrọ̀ gbogbo fíùsì, mo sì gé rọ́bà nínípọn bo bátìrì ní ọjọ́ náà gan-an.

Onírin àlòkù dé ní Sátidé, ó bá ọkọ̀ tí ń kùn níwájú ilé. Ó kí bàbá mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Iná ẹ̀yìn apá òsì ṣì ń ṣẹ́jú nígbà tí mo bá tẹ bíréèkì. Àbọ̀ tirẹ̀ náà ni mo fura sí. Bí a bá gba ìsinmi, n ó tú u wò.