Oúnjẹ Ọ̀sán Létí Omi ní Bahia: Níbo La Ó Jókòó Sí?

Ẹni tó bá dé Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, á fẹ́ jẹun ọ̀sán létí omi dandan. Omi ló yí ìlú náà ká, ilé oúnjẹ tó tẹ́ tábìlì síta lábẹ́ agboòrùn sì pọ̀ lọ súà. Ibi tó rẹwà ò ṣòro rí. Epo ni kókó ọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ lọ ti dóṣù Ọbàtálá, ó pẹ́. Epo pupa kì í kan ẹnu wọn. Bẹ́ẹ̀ epo pupa, tí wọ́n ń pè ní dendê níbẹ̀, ló wà nínú oúnjẹ tí Bahia fi lókìkí. Àkàrà tiwa ni acarajé, epo ni wọ́n fi ń dín in. (Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Ó tọ́ sí wọn.) Abará jọ ọ̀lẹ̀lẹ̀, inú ewé ni wọ́n ń sè é, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ: epo ti wà nínú rẹ̀. Caruru, ìyẹn ilá àti edé gbígbẹ, olépo ni. Moqueca, ẹja inú ìṣaasùn pẹ̀lú oje àgbọn, epo náà ni. Kódà gàrí yíyan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó bá ti pọ́n, ẹ fi sílẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Oxalá ni, ìyẹn Òrìṣàńlá, ẹ ó rí èèyàn rẹpẹtẹ nínú aṣọ funfun. Ọjọ́ yẹn gan-an làwọn ilé oúnjẹ ń se olépo jù! Ọjọ́ Ẹtì náà la sì jáde.

A kọ́kọ́ ro Mercado Modelo, ọjà ńlá ìsàlẹ̀ Elevador Lacerda. Ilé oúnjẹ kan wà lókè rẹ̀ tó ń jẹ́ Camafeu de Oxóssi, orúkọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì o! Ó wù mí, ṣùgbọ́n orúnkún ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ àtẹ̀gùn. Rio Vermelho ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀bùn Yemọja lọ sínú òkun ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún. Ẹ lọ kí Ìyá níbẹ̀. Ní tèmi, ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ràn ibẹ̀ sí, nígbà tí àkàrà bá ń hó nínú epo, ìyẹn ò sì bá ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mu.

Ribeira la yàn, ní ìpẹ̀kun Itapagipe, tí ẹ bá kọjá ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim. Ilẹ̀ tẹ́jú, omi ibẹ̀ rọlẹ̀, ọkọ̀ kéékèèké ń sọdá sí Plataforma. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó kí n tó béèrè. Níbi àkọ́kọ́, ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ ní epo ọbẹ̀ àwọn ò pọ̀, díẹ̀ ni. Ṣé èèwọ̀ ní díẹ̀ ni? A ṣí síwájú. Níbi kejì, mo ní kí wọ́n bá mi pe ẹni tó ń dáná gan-an. Ìyá kan jáde, ó ń nuwọ́.

“Sem dendê,” mo wí. Láìsí epo.

Ó wo ṣẹ́ṣẹ́ ẹfun ọrùn ẹ̀gbọ́n mi. “Oxalá?”

Ẹ̀gbọ́n mi orí. Ìyá náà ò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó da òróró tuntun sínú agbada mìíràn, ó dín odindi ẹja pupa kan tí wọ́n ń pè ní vermelho, ó fi bọ́tà yan gàrí tiwọn lọ́tọ̀. Moqueca tèmi àti ọmọ mi dé nínú ìṣaasùn tirẹ̀, ìpẹ̀kun tábìlì ló gbé e sí, kó má ta sí aṣọ funfun ẹ̀gbọ́n. Mi ò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lọ, tó bá jẹ́ ọbẹ̀ ẹja lẹ fẹ́, ẹ béèrè ensopado, ìyẹn ò ní dendê. Ìṣaasùn kan lè tó ẹni méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má pàṣẹ ju agbára ikùn lọ. Kẹ́ ẹ sì rọra ya Sorveteria da Ribeira, tó ti ń ta áísìkírímù níbẹ̀ láti 1931. Ọmọ mi mú oríṣi mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mú ti àgbọn, funfun báláú, wọ́n jókòó sórí odi etí omi, wọ́n lá a tán, wọ́n ní kí n lọ ra òmíràn wá.