Kí Ẹni Tí A Ń Bọ́ Náà Dáná

Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ, ni àwọn àgbà wí; ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aró lẹ́bàá Abẹ́òkúta ní 1954, kò gbà pé inú àtìmọ́lé ni ó yẹ kí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú ti rí ìwòsàn. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tẹbítẹbí, kí ẹbí lè máa se oúnjẹ fún aláìsàn, kó máa fọ aṣọ rẹ̀, kó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Mo ń yin ètò náà títí dòní, nítorí ẹni tí ará ilé bá kọ̀ sílẹ̀, oògùn nìkan kò tó o. Síbẹ̀, ohun kan ń bẹ tí mo fẹ́ kí a fi kún un: kí ẹni tí a ń dáná fún tún di ẹni tí ń dáná fúnni.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi mọ́ínmọ́ín ṣáájú, bí a bá ń ṣètò ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè fún àwọn tí ń gba ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lè jókòó ti abọ́ omi, kí ó máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ẹ̀wà, kí èèpo máa léfòó, kí ó dà á nù, kí ó tún bu omi mìíràn sí i, láìsí ẹni tí yóò máa bi í léèrè bí ọkàn rẹ̀ ti rí. Ẹlòmíràn yóò ṣa ewé, ẹlòmíràn yóò lọ ata. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Kí olùṣètò má fojú fo oògùn o. Òmíràn ń mú ọwọ́ gbọ̀n, òmíràn ń mú kí oorun kunni. Nítorí náà, epo gbígbóná àti ọ̀bẹ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, kì í sì í ṣe ti gbogbo àkókò. Ẹni tó ń lo oògùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní lithium kò gbọdọ̀ ṣàdéédé gé iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ, omi mímu kò sì gbọdọ̀ wọ́n ọn nídìí iná, torí bí iyọ̀ àti omi bá dín lára, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Mo rí obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ti ń pọ́n ewé, tí ewé sì ya, tí ẹ̀wà lílọ̀ ń jò sílẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì í kàn fi ewé kejì tẹ́ ẹ nídìí, ó sì dì í mú títí obìnrin náà fi bu tirẹ̀ tán. Láti ìgbà náà, méjì-méjì ni mo ń ní kí wọ́n jókòó nídìí ewé.

Bí mọ́ínmọ́ín bá jinná, ẹbí ni kí a pè wá jẹun, kí a má sì jẹ́ kí wọ́n wọ ilé ìdáná. Ìyá tó ti ń bu oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀ àgbàlagbà láti ìgbà tí àìsàn ti dé, kí ọmọ bu tirẹ̀ fún un. Bí iyọ̀ kò bá sì tó, kí ìyá sọ ọ́ gbangba, kí ó má fi ìyìn ọmọdé yin ẹni tó ti tó ilé í gbé.