Ìròyìn láti Ojú Ogun

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Síbẹ̀, kí ni ìyá ọmọ-ogun rí gbára lé bí kò ṣe ìròyìn? Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń jagun ní ilẹ̀ Bọ́mà ní 1944, lẹ́tà ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ ilé. Lẹ́tà náà a máa pẹ́ lọ́nà, ọ̀gá ológun a sì kọ́kọ́ kà á, kí àṣírí ogun má baà tú.

Nígbà tí ogun ilẹ̀ Ìráàkì fi dé, íntánẹ́ẹ̀tì ti yí ọ̀ràn padà. Ní 2004, ọmọ-ogun Amẹ́ríkà kan, Colby Buzzell, wà ní ìlú Mosul. Bí ó bá ti ẹnu iṣẹ́ dé, a jókòó ti kọ̀ǹpútà, a sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sí ojú-ewé tirẹ̀, irú èyí tí à ń pè ní búlọ́ọ̀gù. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjà gbígbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Mosul. Buzzell ròyìn rẹ̀, kò sì fi ẹ̀rù tí ó bà á pamọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi mọ òǹkọ̀wé náà. Wọ́n pàṣẹ pé kí a máa yẹ ìwé rẹ̀ wò kí ó tó gbé e jáde. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí ọmọ-ogun kọ́kọ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ ọ̀gá rẹ̀.

Ta ni ó jàre? Ẹni tí ó wà lójú ogun ni ó mọ̀ bí ogun ti rí. Bí ó bá dákẹ́, àwọn tí ó jókòó nílé yóò máa pe ogun ní eré. Ṣùgbọ́n ọ̀tá pẹ̀lú mọ̀wé kà. Lẹ́tà ń lọ sọ́wọ́ ẹnìkan. Búlọ́ọ̀gù ń lọ sójú gbogbo ayé. Bí ọmọ-ogun bá dárúkọ ọ̀nà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbà lọ́la, ọ̀rọ̀ tí ó fi tu ìyá rẹ̀ nínú lè di ikú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní 2005, nígbà tí Buzzell ti padà sílé, ó tẹ ìtàn rẹ̀ ní ìwé. Lóòótọ́, gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ẹ̀rù ọkàn ṣe é sọ lónìí. Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ yóò gbà, ó di ìgbà tí ogun bá tán.