Omi Tó Ń Wá Ọ̀nà Ilé

Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jókòó. Ní ọjọ́ kan, mo fẹ́ lọ sílé, bàtà mi kò wọ ẹsẹ̀ mi mọ́. Mo fi àtàńpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ibẹ̀ jìn wọnú, kò sì tètè dìde. Àyà mi já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àbúrò ìyá mi ní jàbùtẹ̀. Àwọn ará abúlé rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà sọ pé oògùn ni ó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ta gbogbo ewúrẹ́ rẹ̀ láti fi ṣe ètùtù, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ń tóbi sí i. Ó pa ọjà tì, ó ń fi ìró gígùn bo ẹsẹ̀. Mo rò pé ó ti kàn mí.

Mo tọ nọ́ọ̀sì kan lọ. Ó bi mí bóyá wíwú náà máa ń lọ bí mo bá sùn jí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Màmá, ẹ jókòó, kí n ṣàlàyé.”

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá máa ń pín sí kéékèèké, títí yóò fi tín-ín-rín ju irun orí lọ. Malpighi, ará Ítálì, fi awò rí wọn nínú ẹ̀dọ̀fóró àkèré ní ọdún 1661. Àwọn iṣan yìí máa ń jò díẹ̀díẹ̀, bí àmù tí ń làágùn. Omi tó jò yìí ni ó ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹran ara. Irú rẹ̀ lẹ ń rí nínú iléròrò.

Mo ní, “Bí ó bá ń jò lójoojúmọ́, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ wa kò gbẹ?” Ìbéèrè mi dùn mọ́ ọn. Omi inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kò ju bíi lítà 3 lọ, èyí tó ń jò lójúmọ́ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ṣùgbọ́n iṣan mìíràn wà, iṣan omi ara, tí ń kó omi náà padà sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́bàá ọrùn. Ó ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn. Ó máa ń fún ara rẹ̀. Bí a bá sì ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á bá a fún un, bí ìgbà tí a ń fún aṣọ tí a fọ̀. Èmi tí mo jókòó gbagidi láti àárọ̀, ta ni yóò bá mi fún un?

Ti àbúrò ìyá mi yàtọ̀. Ẹ̀fọn ló kó aràn tín-ín-rín sí i lára. Inú iṣan omi ara gan-an ni aràn náà ń gbé, ó sì ń bà á jẹ́, omi kò wá rí ọ̀nà padà. Àánú àwọn ewúrẹ́ yẹn ṣe mí. Ní Tógò, oògùn tí wọ́n pín fún àwọn ará abúlé lọ́dọọdún ni wọ́n fi borí àìsàn yìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní ọdún 2017.

Ọkàn tàbí kíndìnrín náà lè mú kí ẹsẹ̀ wú, nítorí náà nọ́ọ̀sì yẹ gbogbo ara mi wò kí ó tó ní kí n máa lọ. Ní báyìí, mo máa ń dìde rìn yí ìsọ̀ mi ká.

Àbúrò ìyá mi gba oògùn. Alaalẹ́ ló ń fi ọṣẹ àti omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń nu àárín ọmọ ìka gbẹ, ó sì ń gbé e lé ìrọ̀rí. Ẹsẹ̀ náà kò tíì rí bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wá sí Ouando, ó jókòó tì mí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú àwọn oníbàárà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ná aṣọ fún wọn.