Katakata Lórí Ọ̀nà Márosẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èmi tí mo ti ń gbé Ibafo láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn kò lè gbọ́ òwe yìí kí n má rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ ọjà tiwa. Òun kan náà ni ó wọ ilé, òun ni ó wọ oko, òun ni ó wọ ilé ìwòsàn àti ilé ìsìn. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni mo ń wí. Ẹni tí ó ń lọ sí Kánò ń gba ibẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ lọ ra ata ní òdì kejì títì náà ń gba ibẹ̀.

Ní nǹkan bí agogo méje alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ ní Berger. Ilẹ̀ ti ṣú. Kò sí iná ojú pópó kankan tí ó ń tàn. Awakọ̀ wa ń sáré, gbogbo wa sì dákẹ́ nítorí pé olúkúlùkù fẹ́ tètè délé. Bí a ṣe ń sún mọ́ Ibafo ni ohun dúdú kan dédé yọ níwájú wa, àfi bí ìgbà tí ògiri bá hù láti inú títì. Katakata ni. Ó fa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí àpò ìrẹsì tí a kò tíì bó kún inú rẹ̀, ọmọkùnrin kan sì jókòó sí orí àwọn àpò náà. Kò sí iná ẹ̀yìn. Awakọ̀ wa tẹ búrékì, ó yí ọwọ́ ọkọ̀, a yẹ̀ ẹ́ ṣùgbọ́n a kò yẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa gbá igun kẹ̀kẹ́ ẹrù náà, ọmọ náà sì já bọ́ láti òkè. Egungun itan rẹ̀ kán.

N kò ní parọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi. Kí n tó sáré lọ wo ọmọ náà, èébú ni mo kọ́kọ́ bú ẹni tí ó ń wa katakata. Mo bi í pé ta ni ó ní kí ó gbé irin oko wá sí ojú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà. Bàbá arúgbó ni. Kò dá mi lóhùn. Ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fi í di ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́ pákó kan. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni.

Nígbà tí mo délé, oorun kò kùn mí, mo mú ìwé, mo ṣe ìṣirò. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ lórí márosẹ̀, bọ́ọ̀sì èrò kò sì gbọdọ̀ ju 90 lọ. Katakata tí ó fa ẹrù lè máa rìn ní 25 péré. Ọkọ̀ tí ó ń sá 100 ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Katakata ń jẹ mítà 7. Èyí ni pé mítà 21 ni ọkọ̀ fi ń lé e bá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí iná iwájú ọkọ̀ bá fi irin aláìníná náà hàn ní mítà 60, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ni ó kù fún awakọ̀ láti rí i, láti mọ ohun tí ó jẹ́, àti láti mọ ibi tí yóò yà sí. Ẹni tí ó bá ń wo fóònù rẹ̀ ti ná méjì nínú mẹ́ta náà.

Mo wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe lókè òkun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí márosẹ̀ wọn àkọ́kọ́ ní Preston, ní oṣù Kejìlá ọdún 1958, katakata kò ní àyè lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, ọkọ̀ tí bí wọ́n ṣe ṣe é kò lè jẹ́ kí ó ju 60 kìlómítà ní wákàtí kan lọ kò gbọdọ̀ wọ márosẹ̀ rárá. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti rí ẹ̀rí tí n ó fi kọ ọ̀rọ̀ pé kí ìjọba lé gbogbo katakata kúrò lójú títì wa, kí á lè sùn.

Ní ọjọ́ kẹta ni mo lọ kí ọmọ náà. Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ìwọ ni o bú mi lálẹ́ ọjọ́sí,” ni ó wí.

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí.”

“N kò bínú. O ní kí n máa gba ibòmíràn. Nígbà tí ọmọ yìí bá kúrò níhìn-ín, kí o wá mú mi lọ síbẹ̀.”

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ṣe díẹ̀, ó ránṣẹ́ sí mi ní tòótọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, àwa méjèèjì fẹsẹ̀ rìn láti oko rẹ̀, a ń wá ọ̀nà mìíràn tí katakata lè gbà dé ibi tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì, èyí tí ó wà ní òdì kejì márosẹ̀, lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà. Mo gbàgbé láti sọ pé ìrẹsì Ọ̀fàdà ni Bàbá ń gbìn, irú èyí tí a ń fi ewé pọ́n tí a sì ń jẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata aláwọ̀ ewé níbi àríyá, tí a kì í béèrè bí ó ṣe dé ibẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a gbà, Bàbá ní bàbá òun ni ó là á. Ó gbé wa dé ibi ògiri gíga kan. Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà fún àwọn tí ń kọ́ ilé tà, ọ̀nà oko sì ti wọ inú ọgbà wọn lọ. Ọlọ́dẹ tí ó wà lẹ́nu géètì béèrè ilé ẹni tí a ń lọ. Ọ̀nà kejì wọ inú àbàtà. Igi tí wọ́n fi ṣe afárá lórí odò ti jẹrà, ènìyàn lè fò ó, katakata kò lè fò ó. Ọ̀nà kẹta dára, ó gbòòrò, ilẹ̀ rẹ̀ le. A gbà á dé òpin rẹ̀. Òpin rẹ̀ ni etí márosẹ̀.

Bàbá kò sọ ohunkóhun. Ó kàn ń wo àwọn ọkọ̀ tí ń kọjá.

Kí márosẹ̀ yìí tó dé, Ìkòròdú àti Ṣàgámù ni ará Èkó ń gbà lọ sí Ìbàdàn, tàbí kí ó gba Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1978, lásìkò ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni wọ́n ṣí títì tuntun náà, tí ó gùn tó kìlómítà 127 ó lé díẹ̀, tí ó gba àárín oko àti abúlé kọjá tààrà. Bàbá ti ń ro oko nígbà náà. Títì ni ó wá bá a. Ibi tí àpẹẹrẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo kó jọ ti já mi kulẹ̀ nìyí: nígbà tí wọ́n la márosẹ̀ ti Preston, ọ̀nà àtijọ́ kò parẹ́, katakata sì ní ibi tí yóò máa gbà. Àwọn tí ó la tiwa kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún irú ẹni bíi Bàbá.

Àtúnṣe tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, lásìkò Ààrẹ Goodluck Jonathan, ti mú kí títì náà dára, n kò jẹ́ kó aláìmoore. Láti Èkó dé Ṣàgámù, ó ti fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ògiri kọnkéré wà láàárín, katakata tí ì bá dábùú títì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ní láti rìn títí dé ibi ìyípadà, kí ó tún padà bọ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ á gba wọ́n-wéè. Ọ̀kadà ń gbà á, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà á, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mú wọn náà ń gbà á.

Mo bi Bàbá léèrè ohun tí ó mú un rìn lóru láìní iná. Ó ní iná náà ti bàjẹ́ tipẹ́, òun kò sì yára tún un ṣe. Ó ní lọ́sàn-án, àwọn kan máa ń dá òun dúró, wọ́n á ní irin oko kò gbọdọ̀ rìn lórí márosẹ̀. “Bí mo bá ti fún wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́, ó gbọdọ̀ rìn nìyẹn.” Nítorí náà ni ó ṣe ń dúró de òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yí mi lọ́kàn padà. Òfin tí mo fẹ́ kọ̀wé béèrè fún ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, owó orí ni wọ́n sọ ọ́ dà. Kò sì lé katakata kan kúrò lójú títì. Ó kàn lé e bọ́ sínú òru ni, síbi tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti ń pa ènìyàn. Ẹ wò ó, àwọn típà oníyanrìn tí wọn kò níná ń wọ́ kọjá lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n kúrò. Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù pàápàá, tí èrò bá ń wọ́ lọ sí Redemption City ní Mowe, gbogbo wa ni a ń di katakata, ọkọ̀ olówó ńlá náà kò lè ju 10 lọ.

Ohun tí mo fara mọ́ báyìí ni kí wọ́n fún katakata láyè ní ojúmọmọ nìkan, ní apá ọ̀tún pátápátá, pẹ̀lú iná tí ó ń ṣiṣẹ́ àti àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, èyí tí ń sọ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé ọkọ̀ tí kì í yára ni ó wà níwájú. Kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó lórí ẹrù mọ́. Ní ti òru, kí á fi òfin de é, n kò ní bẹ̀bẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, títí kan Bàbá. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó ni àwọn ọ̀nà oko yẹn láti là. Kí wọ́n sì tó fọwọ́ sí àwòrán ọgbà ilé tuntun, kí wọ́n béèrè ọ̀nà ẹni tí wọ́n fẹ́ mọ ògiri lé lórí. Ọjọ́ tí ọ̀nà mìíràn bá wà, èmi fúnra mi ni n ó kọ́kọ́ ní kí katakata kúrò lórí márosẹ̀.

Ọmọ náà ti ń rìn, ó ń tiro díẹ̀. Mo ra àmì onígun mẹ́ta náà ní Èkó, Bàbá sì kàn án mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo rí i láti òkèèrè nínú bọ́ọ̀sì, ó ń dán nínú oòrùn, ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ wa fun fèrè, ó bú u. Mo ní kí ó rọra. Ó bojú wò mí, ó béèrè bóyá mo mọ bàbá náà rí ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.