Odò Tí Wọ́n Tà Lọ́pọ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ti rí fún ọmọ ènìyàn náà ni ó rí fún odò, nítorí pé ohun tí ojú àwọn tí ń gbé létí odò bá rí ni wọ́n fi ń pè é. Odò kékeré kan wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì tí ó ní orúkọ méjì. Emscher ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Èkejì jẹ́ ìnagijẹ ẹ̀gàn tí wọ́n fún òun àti àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Köttelbecke ni ìnagijẹ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju 'odò ìgbẹ́' lọ.

Emscher kò gùn púpọ̀. Láti orísun rẹ̀ ní Holzwickede, nítòsí ìlú Dortmund, títí dé ibi tí ó ti wọ inú odò ńlá Rhine, kò ju nǹkan bí 83 kìlómítà lọ. Ó la Dortmund kọjá, ó sì gba ọ̀nà Castrop-Rauxel, Herne, Gelsenkirchen, Essen, Bottrop àti Oberhausen lọ. Odò Ruhr, tí gbogbo agbègbè náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wà ní gúúsù rẹ̀. Odò Lippe wà ní àríwá. Nínú ìwé àtijọ́, Embiscara ni wọ́n kọ orúkọ Emscher sí. Ní ayé ìgbà náà, ilẹ̀ tí ó ń gbà kọjá tẹ́jú pẹrẹsẹ, nítorí náà omi rẹ̀ kì í kánjú. Ṣe ni ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín igbó àti àbàtà. Nínú àbàtà yìí ni àwọn ẹṣin ìgbẹ́ ti ń jẹ̀ títí di ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lábẹ́ òkúta inú odò sì ni ẹja kékeré kan, Groppe, ń gbé. Ẹja yìí kò lè gbé inú omi tí kò mọ́. Akọ rẹ̀ ni í máa ń ṣọ́ ẹyin títí ọmọ yóò fi jáde.

Lẹ́yìn èyí ni èédú dé. Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò èédú káàkiri, tí wọ́n ń kọ́ ilé-iṣẹ́ irin, tí èrò sì ń wọ́ wá láti ilẹ̀ gbogbo. Omi Ruhr ni wọ́n fi ṣe omi mímu. Emscher ni wọ́n da gbogbo ìdọ̀tí sí. Bí àwọn awakùsà sì ti ń kó èédú kúrò nísàlẹ̀ ni ilẹ̀ òkè ń rì, tí odò tí kì í kánjú tẹ́lẹ̀ wá dúró gbagidi. Omi ẹlẹ́gbin wọ oko, ó wọ ilé, àìsàn sì tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, ọdún 1899, àwọn ìlú àti àwọn ilé-iṣẹ́ agbègbè náà pa ìmọ̀ pọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ Emschergenossenschaft sílẹ̀. Ìṣòro ńlá kan dojú kọ wọ́n: bí wọ́n bá ri páìpù mọ́lẹ̀, ilẹ̀ tí ń rì yóò fọ́ ọ. Wọ́n pinnu pé odò fúnra rẹ̀ ni yóò di gọ́tà. Láti ọdún 1906 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í nà án tààrà bí ọ̀pá, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i, wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ inú rẹ̀. Kódà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀ kúrò níbi tí ó ti ń wọ Rhine, ní ọdún 1910 àti 1949, nítorí ilẹ̀ tí ń rì.

Kò yẹ kí a yára dá àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn lẹ́bi. Omi ẹlẹ́gbin kò dúró sí ẹnu ọ̀nà àwọn aráàlú mọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó sì yè nípa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí ní Bottrop tàbí Gelsenkirchen ní nǹkan bí ọdún 1940 kò mọ odò mìíràn. Imú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ odò náà kí ojú rẹ̀ tó rí i. Wọ́n fi ọgbà yí i ká, nítorí pé kọnkéré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yọ̀, ẹni tí ó bá sì jìn sí i lè má rí ọ̀nà jáde. Ọmọ dàgbà létí omi láì rí ẹni tí ó lúwẹ̀ẹ́ tàbí ẹni tí ó fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀ rí.

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Àwọn ará Emscher gbìyànjú láti rà á padà. Nígbà tí iṣẹ́ ìwakùsà ti sún lọ sí àríwá, tí ilẹ̀ kò sì rì mọ́, ó wá ṣeé ṣe láti ri páìpù. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọ́n gbẹ́ ihò ìdaminù ńlá kan tí ó gùn ní 51 kìlómítà, tí ó sì jìn tó 40 mítà níbòmíràn. Iṣẹ́ náà gba nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó sì ná wọn tó bílíọ̀nù márùn-ún àbọ̀ owó Yúró. Nígbà tí ọdún 2021 fi parí, omi ẹ̀gbin kò wọ Emscher mọ́. Ní ọdún 2022 wọ́n la ẹnu tuntun fún un, kí ẹja lè gba ibẹ̀ gòkè láti inú Rhine.

Lámilámi ti padà. Ẹyẹ apẹja, tí ìyẹ́ rẹ̀ dà bí aṣọ aláró, ti padà. Groppe ńkọ́? Òun kò lọ tán. Ní òkè odò kékeré kan tí ń jẹ́ Boye, nítòsí Bottrop, níbi tí ìdọ̀tí kò dé, ni ìwọ̀nba díẹ̀ ti fara pamọ́ sí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn lọ sínú àwọn odò mìíràn tí wọ́n ti tún ṣe. Àwọn àgbà máa ń sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ní ti Emscher, orísun ni kò gbàgbé odò. Bí ìdọ̀tí bá ti dé òkè Boye ni, kò sí iye Yúró tí ìbá ra ẹja náà padà.

Síbẹ̀, gbèsè kò tán. Wọ́n ti kógbá ìwakùsà èédú wọlé ní agbègbè náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó rì kò lè gòkè mọ́. Ẹ̀rọ ni ó ń fa omi kúrò níbẹ̀ tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí títí ayé. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, àdúgbò púpọ̀ yóò di adágún.

Bí àgbàlagbà ìlú náà bá pe odò ní Köttelbecke lónìí, ọmọ tí ó ń wo lámilámi létí rẹ̀ lè bi í léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ọmọ yẹn ni èrè iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó bá da ẹ̀gbin síwájú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́.